Bí Mo Ṣe Wá Ibùba Ìwé Kíkà Nínú Igbó Àdán

Ṣíọ̀-ṣíọ̀-ṣíọ̀! Ohùn àdán ni. Kì í ṣe ti àdán kan, kì í ṣe ti méjì. Ohùn àdán tó pọ̀ tó ewé ni, tí wọ́n so rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi, tí wọ́n ń jiyàn lábẹ́ oòrùn ọ̀sán. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ. Irun orí mi dúdú nígbà náà, eyín mi pé, mo sì lè wo ara igi lẹ́ẹ̀kan kí n mọ irú ẹran tó fara nù ún. Lónìí, ìlú òkèèrè tí àwọn ọmọ mi kó mi wá ni mo wà, níbi tí òtútù ti ń já gbogbo ewé orí igi sílẹ̀ lọ́dọọdún. N kì í gbọ́ àdán níbí. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó létí fèrèsé, tí ilé dá, ìró yẹn á dé sí mi létí, á ní, “Ọdẹ́níyì, ọmọ Ajítẹ̀, ṣé o ti sọ fún wọn?”

N ò tíì sọ. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Ẹ̀yin ará ilé mi, àti ẹ̀yin tí wọ́n bí lẹ́yìn tí mo ti lọ, ẹ pe ara yín jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí ẹni tí ohùn rẹ̀ bá já gaara jù nínú yín ka èyí sókè. Kí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà rọra máa fọ́ ọ. Níbi tí mo bá ti bi yín ní ìbéèrè, ẹ dáhùn; bí n ò tilẹ̀ gbọ́ yín, mo mọ ohun tí ẹ máa sọ.

Ṣé ẹ mọ̀ mí? Ẹ bi àwọn àgbà léèrè. Èmi ni mo bá ẹfọ̀n jà títí ó fi ní òun á fi ìwo òun ṣe ìdúró kí n jẹ́ kóun lọ. Èmi ni ẹkùn rí lójú ọ̀nà odò, tí àwọn ọmọ rẹ̀ bi í pé kí ló rí, tó ní òun ò rí nǹkan kan. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo ń pa, kó lọ bá ẹkùn náà kó lọ bi í.

Àwẹ̀ró, àbúrò mi obìnrin, ló dá ọ̀ràn yìí sílẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún un, Ìyùnadé ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà mọ̀wé débi pé ó ti lọ sí yunifásítì tó wà láàárín Igbó Àdán, ó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo ń nu ìbọn mi lọ́wọ́ ni Àwẹ̀ró wọlé, gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí lórí.

“Bọ̀ọ̀dá mi, ọmọ yín ránṣẹ́.”

“Ṣé gàrí tán ni?”

“Ti gàrí kọ́. Ó ní òun ò rí ibi jókòó sí kàwé.”

Mo bú sẹ́rìn-ín. “Nínú gbogbo yunifásítì yẹn? Wọ́n ní ilé tó wà níbẹ̀ ga débi pé òjò ń bà lé e kó tó balẹ̀!”

“Ẹ má rẹ́rìn-ín, Bọ̀ọ̀dá. Bí agogo ìdánwò bá lù tí ẹnì kan ò tíì rí ibi jókòó sí kàwé níbẹ̀, àdán ló ń dà. Etí ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn.”

Ẹ̀rín gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Àwẹ̀ró wá fi orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀. Ó ní, “Iṣẹ́ ta ni ìjókòó bí kò ṣe iṣẹ́ ọdẹ? Ta ló mọ ibùba tó yín?”

Òótọ́ ló sọ. Ẹni tí kò dọdẹ rí rò pé ìbọn ni ọdẹ fi ń pa ẹran. Ibùba ni. Ibùba ni ibi tí ọdẹ ń fara pamọ́ sí, tó jókòó, tó dákẹ́, tó ń dúró de ohun tó wá. Bí ibùba bá dára, ẹran á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá ọ. Bí kò bá dára, ẹ̀fọn nìkan ló máa bá ọ délé. Mo ní nínú mi pé, kí ni ìwé fi yàtọ̀ sí ẹtu? Méjèèjì ní etí, méjèèjì ń sá fún ariwo. Mo gbé àpò ọdẹ mi kọ́, mo di gàrí àti ẹran gbígbẹ sínú rẹ̀, mo lọ.

Ẹ má bi mí bí ọ̀nà ṣe rí. Mo rìn títí ó fi rẹ ìrìn fúnra rẹ̀. Ìrìn jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, mo ní kó dìde ká máa lọ.

Lẹ́nu ibodè Igbó Àdán, mo bá iwin kan tí orí rẹ̀ rí bí àgádágodo, ihò imú rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Bó bá fẹ́ ṣílẹ̀kùn, á kọ́kọ́ sín. Ìbéèrè-Lẹ́nu-Ọ̀nà lorúkọ rẹ̀.

“Ọdẹ, kí lo wá wá?”

“Ibi ìjókòó.”

“Àgbàlagbà bíi tìẹ? Kí lo ti ń jókòó lé láti ọjọ́ yìí?”

“Tèmi kọ́. Ti ọmọ àbúrò mi ni.”

“Ó dáa. Dá mi lóhùn kí n tó sín. Kí ló ń jókòó láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí kò sì ní ìdí?”

Mo ronú. Mo ní, “Ìkòkò.”

“Irọ́! Ìkòkò ní ìdí, ìdí rẹ̀ ló tilẹ̀ ń dúdú jù.”

“Òkúta ńkọ́?”

“Òkúta kì í jókòó. Ó kàn wà níbẹ̀ ni.” Ó rẹ́rìn-ín títí orí rẹ̀ fi ń dún bí irin. “Wọlé. Ohun tí o ò mọ̀ ló máa kọ́kọ́ kí ọ káàbọ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́tí o. Lẹ́yìn ilé àwọn ọmọbìnrin tí o máa kọ́kọ́ bá, ọ̀nà iwájú nìkan ló wà nínú igbó yìí. Ibi tí o bá ti kúrò, o ò ní lè padà síbẹ̀ àfi tí agogo ìdánwò bá lù. Gba ẹyẹlé yìí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń jẹ́ iṣẹ́ láyé rẹ̀. Bí o bá rí ibi tó tẹ́ ọ lọ́rùn, sọ ọ́ sí i létí, á lọ sọ ọ́ fún ẹni tó o bá fẹ́.”

Ó sín. Ilẹ̀kùn ṣí. Mo fi apẹ̀rẹ̀ ẹyẹlé náà kọ́ apá, mo wọlé.

Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ni mo kọ́kọ́ bá lóòótọ́. Kí n tó débẹ̀ ni ariwo ti jáde wá pàdé mi lọ́nà, ó gba àpò lọ́wọ́ mi bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ilé. Ẹnì kan ń fọ aṣọ, ẹnì kan ń jà lórí aṣọ tí wọ́n ń fọ̀, ẹnì kan ń dárúkọ Ọlọ́run, ẹnì kan ń dárúkọ ọkọ àfẹ́sọ́nà. Nínú yàrá Ìyùnadé, ọmọbìnrin kan ń din ẹyin lórí sítóòfù, ó ń kọrin. Ṣíjúadé lorúkọ rẹ̀, òun àti Ìyùnadé ni wọ́n jọ ń gbé yàrá.

“Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá Ọdẹ! Ẹran ìgbẹ́ ni mo ń gbóòórùn nínú àpò yẹn àbí imú mi ló ń tàn mí?”

“Imú rẹ ò tàn ọ́.”

“Ẹ wá jókòó. Bàbá mi nìyí látòní lọ.”

Mo wo orí bẹ́ẹ̀dì. Ìyùnadé dìde kí mi, ó kúnlẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú mi rí nǹkan. Etí ọmọ náà ti gùn, ó ṣe ṣóńṣó lókè, ó sì tín-ín-rín débi pé ìmọ́lẹ̀ ń là á kọjá. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ká, ó ń wá ohun tí yóò rọ̀ mọ́. Ìwé ńlá kan wà níwájú rẹ̀, àwọn lẹ́tà inú rẹ̀ ń tò jáde bí ìjàlọ, wọ́n ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn lọ.

Ó ní, “Bàbá, mo ka ojú ewé yìí láàárọ̀, mo tún un kà lọ́sàn-án. Ẹ bi mí pé kí ló wà níbẹ̀.”

“Kí ló wà níbẹ̀?”

“Orin tí Ṣíjúadé ń kọ.”

Ṣíjúadé gbé ṣíbí àmúga sókè. “Orin mi ò dáa ni?”

“Ó dáa. Dídáa tó dáa gan-an ni wàhálà mi.”

Mo ní kí ó jẹ́ ká jọ lọ. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí mi. “Ẹ wò ó, Bàbá, ẹsẹ̀ yìí ò gbé ìwákiri mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ibì kan pàtó, tí ẹ sọ pé ibi báyìí ni, màá wọ́ débẹ̀. Màá máa retí ọ̀rọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pẹ́. Bí mo bá dàdán, ta ni màmá mi máa bá sọ̀rọ̀?”

Mo ní kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Mo ní ibi tó dára jù lọ nínú igbó náà ni màá wá fún un, kì í ṣe ibi lásán. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yẹn, torí ọ̀rọ̀ yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

Ibi tí mo kọ́kọ́ dé ni Ilé Ìwé Dídákẹ́. Ilé náà tóbi bí òkè, ìwé ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ ni Dákẹ́-Kí-O-Tó-Dákẹ́. Kò ní ẹnu. Etí méjì ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi bí ilẹ̀kùn. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ìka ló fi ń kọ ọ́ sínú afẹ́fẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibẹ̀ nípọn débi pé nígbà tí mo húkọ́, ikọ́ náà já lulẹ̀ gbì. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣà á, mo fi sápò kí wọ́n má baà lé mi jáde. Atẹ́gùn tútù kan ń fẹ́ láti òkè, ó ń wọ ara ẹni lọ bí abẹ́rẹ́. Inú mi dùn. Mo ní, “Ibùba rè é!”

Àga pọ̀ níbẹ̀ ju kóró ìbẹ́pẹ lọ. Mo wá rí ohun tó yà mí lẹ́nu. Ènìyàn kan ò sí lórí wọn, síbẹ̀ wọ́n kún. Gèlè wà lórí èyí, fìlà wà lórí tọ̀hún, bàtà ẹsẹ̀ kan wà lórí ìkẹta, ìgò omi òfìfo, bísíkíìtì àjẹkù, agboòrùn tó ti ṣẹ́. Àga lọ súà, ẹrù ló ń jókòó, kò sí ẹlẹ́rù. Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tó ń jókòó láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìní ìdí.

Ẹsẹ̀ mi dúró gbagidi. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé, ẹ sọ fún mi, kí là ń pe irú nǹkan báyìí? Ààlè! Ẹ ṣeun. Ẹni tó bá ṣa igi jọ sínú oko tí kò tíì lè rù ú délé, yóò fi àkísà tàbí bàtà gbígbó lé e lórí, kí ẹni tó ń kọjá lè mọ̀ pé ó lólóhun. Ọmọ tí a bí tí a kọ́ kì í fọwọ́ kan ohun tó ní ààlè. Bó ṣe igi gbígbẹ kan ṣoṣo ni, a ó yà fún un. Bàbá mi tilẹ̀ kọjá lára ẹran tó pa fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí pé ẹnì kan ti ṣèèṣì gbé ìkarahun ìgbín lé e. Irú ilé tí mo ti wá nìyẹn. Nítorí náà, mo ká ọwọ́ mi sẹ́yìn, mo ń rìn láàárín àwọn àga náà bí ẹni tó ń gba àárín ọjà àwọn ọba.

Mo fi ìka kọ ọ́ sínú afẹ́fẹ́, bí mo ṣe lè kọ ọ́ mọ: “Níbo làwọn olóhun wà?”

Dákẹ́-Kí-O-Tó-Dákẹ́ na ìka sókè.

Mo gbójú sókè, àjà ni mo rí. Mo rò pé Ọlọ́run ló ń tọ́ka sí, mo bá ṣe àmín nínú ikùn mi.

Àtẹ̀gùn ilé náà ṣófo, òun nìkan ni kò ní ààlè. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ rán ẹyẹlé pé kí Ìyùnadé wá jókòó síbẹ̀. Mo ti ṣí apẹ̀rẹ̀ ni iwin náà kọ̀wé síwájú mi pé, “Ibi tó wà níwájú tún dára jùyí lọ.” Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo ojú ọdẹ tí a sọ fún pé igbó kan ń bẹ lẹ́yìn igbó. Mo pa apẹ̀rẹ̀ dé. Mo ní ẹyẹ tó ń jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, iṣẹ́ tó tó iṣẹ́ ni kó jẹ́.

Níwájú, lábẹ́ igi máńgòrò kan tí òjìji rẹ̀ tóbi ju abúlé lọ, mo dé Ìlú Ọ̀rọ̀-Yà. Ẹ-Jẹ́-Ká-Jíròrò ni ọba ibẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ gùn, ó pín sí ẹ̀ka bí ọ̀nà oko, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì ń sọ tirẹ̀. Àwọn ará ìlú rẹ̀ yí tábìlì kan ká, wọ́n fò sókè bí wọ́n ṣe rí mi.

“Bàbá, ẹ káàbọ̀! A ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni! Ẹ̀yin nìkan la ń dúró dè!”

Ọba ní, “Ìbéèrè àkọ́kọ́: iṣẹ́ wo ni ẹ̀jẹ̀ ń ṣe nínú ara?”

Ọ̀kan ní, “Ó ń gbé oúnjẹ kiri.”

Èkejì ní, “Oúnjẹ! Ẹ ò rí irú ìrẹsì tí wọ́n fún mi lánàá, òkúta ibẹ̀ tó kọ́lé.”

Ẹ̀kẹta ní, “Ta ló ń kọ́lé báyìí? Bọ̀ọ̀dá mi bẹ̀rẹ̀ ilé, ìyàwó rẹ̀ ní òun ò gbé ibẹ̀.”

Ẹ̀kẹrin ní, “Kí ló dé tí kò fẹ́ gbé ibẹ̀?” Gbogbo wọn sún àga mọ́ra. Èmi náà sún tèmi mọ́ wọn, torí kí n má parọ́, mo fẹ́ mọ̀ ọ́n. Kí a tó yanjú ọ̀rọ̀ ìyàwó yẹn, wọ́n ní kí n sọ ti ẹfọ̀n. Mo sọ ọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo bá fi ti ẹkùn lé e. Inú mi ń dùn, mo ń fọwọ́ júwe, àfi bí etí mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo fọwọ́ kàn án. Ó ti gùn!

Mo fẹ́ dìde, àga kò jẹ́. Ọ̀rọ̀ dídùn ti lẹ̀ mí mọ́ ọn bí oje. Mo pariwo, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mú ìwé wá?”

Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan ní, “Ṣebí ìwọ lo ní wàá mú un wá?” Ìkejì ní, “Èmi? Ta ló mú un wá nígbà tó kọjá?” Bí ìjà ṣe dé báyìí, adùn kúrò nínú ọ̀rọ̀, oje sì gbẹ. Mo fò dìde, mo sá lọ. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ lónìí, wọ́n ṣì ń wá ẹni tó yẹ kó mú ìwé wá.

Ibi tí mo tún dé kò ṣeé kà tán. Mo dé búkà kan lẹ́yìn ọgbà, òórùn ọbẹ̀ ibẹ̀ jókòó lórí ìwé àwọn tó wà níbẹ̀, kò fẹ́ dìde. Mo dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àdúrà, àwọn tó wà níbẹ̀ gbé ìwé wọn sílẹ̀ ní pípadé, wọ́n ń bẹ Ọlọ́run kó bá wọn kà á. Mo dé orí àpáta kan tó rẹwà bí ojú ọjọ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ibẹ̀ mọ̀wé ju èèyàn lọ. Ó ti ṣí ojú ewé lọ kí ojú ẹni tó dé ìdajì rẹ̀. Ibikíbi tí mo bá sì ti rí àga tó dára, bàtà tàbí fìlà á ti wà lórí rẹ̀, èmi ọmọ ilé rere á sì yà. Níbi gbogbo, ẹnì kan á sọ fún mi pé iwájú dára jùyí lọ. Ẹyẹlé ń ké nínú apẹ̀rẹ̀. Mo ní kó ní sùúrù.

Nígbẹ̀yìn, mo dé ibì kan. Kí ni kí n wí? Ilé pẹlẹbẹ kan ni, ó ti pẹ́, ó kọjú sí adágún ẹja. Òjìji bo ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ orí omi sì ń rọra mì lára ògiri rẹ̀. Kò tutù jù, kò gbóná jù. Èèyàn ń gbọ́ ohùn àwọn ẹlòmíràn láti òkèèrè, tó fi mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló wà láyé, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Tábìlì kan wà níbẹ̀ àti àga kan. Omijé bọ́ lójú mi. Mo ní, “Ìyùnadé, ìjókòó rẹ rè é!”

Mo sún mọ́ ọn. Bàtà ẹsẹ̀ kan wà lórí àga náà, wọ́n so bírò mọ́ ọn pẹ̀lú ọ̀rá. Ààlè.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo káwọ́ lérí. Bẹ́ẹ̀ ni ariwo sọ lókè: ṣíọ̀-ṣíọ̀-ṣíọ̀! Mo gbójú sókè, àwọn àdán so bí èso lórí gbogbo igi tó yí adágún ká, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ọ̀kan nínú wọn ní, “Bàbá Ọdẹ, ẹ kú ìrìn o. Kí ló dé tí ẹ jókòó sílẹ̀ tí àga wà níwájú yín?”

“Ṣé o ò rí ààlè ni? Àwọn òbí mi kọ́ mi.”

Ó ní, “Àwa náà rò bẹ́ẹ̀. A ti ń wò yín bọ̀ láti Ilé Ìwé Dídákẹ́. A ní, ẹ wo bàbá tó ń bẹ̀rù fìlà.”

Mo gbé ìbọn. “Ta ló ń bá mi sọ̀rọ̀?”

“Ẹ má bínú, sà. Láníhun lorúkọ mi. Èmi ni mo ni bàtà tó wà níwájú yín. Èmi náà ni mo ni fìlà tó wà ní Ilé Ìwé Dídákẹ́, èmi ni mo ni ìgò tó wà lórí àpáta. Gbogbo ohun tí ẹ yà fún pátá, àwa tí ẹ ń wò lórí igi yìí la ni ín.”

Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé kì í ṣe Ọlọ́run ni iwin ọjọ́sí ń tọ́ka sí. Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o. Ta ló máa rò pé àwọn tó ni ẹrù ni wọ́n so rọ̀ lókè orí mi?

Mo bi í pé, “Kí ló gbé ọ dórí igi?”

Ó ní, “Mo rí ibi tó dáa, mo fi bàtà mi sí i kí ẹnikẹ́ni má gbà á. Mo wá ní kí n wo iwájú ná, bóyá ó dáa jùyẹn lọ. Ó dáa jù ú lọ. Mo fi fìlà sí i. Mo tún lọ. Bàbá, n ò jókòó rí. Ọ̀nà ni agogo bá mi.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo wo ẹyẹlé tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ mi, mo sì fọwọ́ kan etí mi. Ó tún ti gùn sí i.

Mo ní, “Láníhun, ọmọ àbúrò mi ò gbọdọ̀ dàdán. Mo bẹ̀ ọ́, tú ààlè rẹ. Ẹni tó fi í lélẹ̀ nìkan ló lè tú u.”

“Ọwọ́ dà, Bàbá? Ìyẹ́ ni mo ní.”

“Fi ẹnu tú u. Bí olóhun bá yọ̀ǹda níṣojú àwọn èèyàn, a ti tú u nìyẹn.”

Ó wá ní, “Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Ìbéèrè yìí ló so mí rọ̀. Nínú gbogbo ibi tí ẹ ti rí, èwo ló dára jù?”

Mo fẹ́ sọ pé ibi adágún yìí ni. Ẹnu mi ti là. Mo wá rántí iṣẹ́ mi. Mo rántí ibùba kan tí mo fi ewé tútù tẹ́, tó rọ̀ bí àyà ìyá. Mo sùn níbẹ̀ títí ìgalà fi wá lá iyọ̀ òógùn ojú mi, tó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo rántí òmíràn, orí ilé èèrà gan-an ni, èèrà ń jẹ ìdí mi, òjò ń pa orí mi, ibẹ̀ ni mo sì ti pa ẹran tí gbogbo ìlú Ajítẹ̀ jẹ.

Mo ní, “Láníhun, kò sí ibùba tó dára, àfi èyí tí ọdẹ wà nínú rẹ̀ tí ojú rẹ̀ sì là.”

Ó wo omi tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ni pé ó wo òkè, nítorí ó dorí kodò bó ṣe so rọ̀. Lẹ́yìn náà ló gbóhùn sókè: “Èmi Láníhun tí mo fi bàtà mi ṣe ààlè, mo tú u. Kí ẹni tó bá fẹ́ jókòó jókòó.”

Ẹlòmíràn ní, “Èmi náà tú tèmi.” Òmíràn ní, “Gèlè yẹn, mo tú u.” Ohùn ń gba ohùn láti igi dé igi. Bí àdán kan bá ti sọ ọ́ tán, á já lulẹ̀, ìdí á kọ́kọ́ kanlẹ̀, á sì dìde lọ́mọ ènìyàn, á máa nu erùpẹ̀ nù kúrò lára. Láníhun balẹ̀ síwájú mi, ọmọkùnrin gíga kan ni, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi. Àwọn kan kọ̀ o. Wọ́n ní, “Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan tèmi, mò ń bọ̀ wá jókòó.” Àwọn yẹn ṣì wà lókè dòní. Ohùn wọn ni ẹ̀yin ń gbọ́ tí ẹ ń pè ní ohùn àdán lásán.

Ibi tí a ti ń yọ̀ ni Láníhun ti dì mí lápá mú. “Bàbá, ẹ wo orí òkè!”

Alágogo, ẹni tó ń lu agogo ìdánwò, ti yọ. Òmìrán ni, irin gbọọrọ ló so kọ́ ọrùn, ó sì ti na òòlù rẹ̀ sókè. Àárín èmi àti Ìyùnadé jìn ju ohun tí ẹsẹ̀ ọmọ náà lè wọ́ dé kí òòlù tó balẹ̀. Ibi adágún tó rẹwà yẹn kò wúlò fún un mọ́, ì báà jẹ́ ọ̀run. Mo ya apẹ̀rẹ̀ ṣí, mo gbé ẹyẹlé náà mọ́ ẹnu, mo sọ̀rọ̀ sí i létí, mo jù ú sókè. Bó ṣe fò lọ, etí tèmi náà wálẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí bí ó ṣe parí. Nígbà tí agogo lù, ọ̀nà ṣí, mo sì sáré padà. Ibi ẹ̀rọ omi ni ẹyẹlé ti bá Ìyùnadé, níbi tó ti ń fọ abọ́ ẹyin tí Ṣíjúadé jẹ. Ó ti da báàkẹ́ẹ̀tì dé, ó jókòó lé e, ìwé wà lórí itan rẹ̀, gbogbo ìjàlọ lẹ́tà sì ti tò padà sí àyè wọn. Omi ń kán sí i lẹ́sẹ̀, kò mọ̀. Ṣíjúadé jókòó tì í lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹnu rẹ̀ pa mọ́, ó ń ka tirẹ̀. Mo pè wọ́n, kò sẹ́ni tó gbọ́ mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti nà, etí rẹ̀ ti wálẹ̀. Ti apá òsì nìkan ló ṣe ṣóńṣó díẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, òun ló sì fi ń gbọ́ àyà aláìsàn láìgbé nǹkan sétí. Àwẹ̀ró rí ọmọ bá sọ̀rọ̀ títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀.

Èmi ni n kò tíì sọ ohun tí mo sọ fún ẹyẹ náà fún ẹnikẹ́ni. Ẹ gbọ́ ọ bí mo ṣe sọ ọ́:

“Ìyùnadé, ọmọ Àwẹ̀ró, èmi bàbá rẹ ọdẹ ni. Má dúró dè mí mọ́, má sì wá mi wá. Mo rí ibi tó dára, ó jìnnà. Ibi tí ẹyẹ yìí bá ti bá ọ, jókòó síbẹ̀. Bí bàtà ẹnikẹ́ni bá wà níbẹ̀, rọra gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Olóhun ti yọ̀ǹda. Ṣí ìwé. Ka ìlà kan. Bí o bá kà á tán, ka èyí tó tẹ̀ lé e.”